Ẹ̀yin tọ́mọ yín ń ṣe kabúrétọ̀ nínú ilé, ọ̀rọ̀ yín rèé o

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n á ní kí ló kan nọ́ọ̀sì kan kabúrétọ̀ ọ̀kadà àti ti jẹnẹrétọ̀. Ó kàn mí o, ó sì kàn mí gan-an. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí, ẹ máa mọ̀dí ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n gbé ọmọ ọdún méjì kan wá sílé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Àdúgbò wa níbí, n'Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ni wọ́n ti gbé e wá. Àbúrò bàbá ọmọ náà ló ń ṣe kabúrétọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Ó ra bẹntiróòlù díẹ̀ láti fi fọ àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú ẹ̀, inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló sì bù ú sí. Wọ́n pè é níta, ó dìde, ó ní òun ń bọ̀. Kó tó padà wọlé, ọmọ ti gbé ìgò sẹ́nu.

Ìyá àgbà tó wà nílé ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré. Ó rọ epo pupa sọ́mọ lẹ́nu, ó sì kìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì í jáde. Ọmọ náà bì lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, àyà ẹ̀ ń wọnú, ètè ẹ̀ sì ti ń yí àwọ̀ padà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lọ́dọ̀ wa, orí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló sì wà fún mẹ́ta nínú ẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ yè. Àmọ́ ojoojúmọ́ tí màmá yẹn bá wá síbẹ̀ ló ń fà mí lápá, tó ń bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, àbí èmi gan-an ni mo fẹ́ẹ́ pa á?" Màá sọ ohun tí mo fi dá màmá lóhùn kí n tó dákẹ́ lónìí.

Báwo niṣẹ́ mẹkáníìkì ṣe wọnú ilé?

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, kabúrétọ̀ ni ohun tó ń po bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọnú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kadà ní in. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, tá à ń pè ní "I better pass my neighbour," náà ní in. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tú lára ọ̀kadà, kò ní í pẹ́ tí yóò fi mọ ti jẹnẹrétọ̀.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Sùúrùlérè tiwa yìí sì wà lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó de ọ̀kadà kò de jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ọ̀kadà ló ti kó irinṣẹ́ wọn wálé, wọ́n ń bá ará àdúgbò tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Nígbà tó tún di ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, bẹntiróòlù wọ́n gógó. Kò sẹ́ni tó fẹ́ẹ́ fi epo ṣòfò mọ́, kò sì sẹ́ni tówó ọwọ́ ẹ̀ pọ̀ débi tí yóò máa ra kabúrétọ̀ tuntun lóṣooṣù. Ohun tó bá bà jẹ́ nínú ti àtijọ́, wọ́n á wá nǹkan fi rọ́pò ẹ̀.

Mi ò bá wọn wí o. Ọmọ tó jókòó ti iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sàn ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀ kiri ìgboro. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé mẹ́ta làwọn nǹkan tí wọ́n sábà máa ń fọwọ́ ṣe nínú kabúrétọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì rí bákan náà.

Èkínní ni gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bébà tó máa ń wà láàárín irin méjì kí epo tàbí afẹ́fẹ́ má baà jò. Wọ́n á gbé bébà tó nípọn lé ẹnu irin náà, wọ́n á máa fi òòlù kékeré gbá etí ẹ̀ jẹ́jẹ́ títí tí àmì irin yóò fi hàn lára bébà, wọ́n á wá gé e. Bí bébà náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún gásíkẹ́ẹ̀tì, tó sì jókòó dáadáa, kò séwu níbẹ̀. Páálí bísíkíìtì kọ́ ni kí wọ́n lò o.

Èkejì ni rọ́bà. Àwọn kan máa ń gé tíúbù táyà tàbí sálúbàtà láti fi ṣe rọ́bà inú kabúrétọ̀. Èyí ò dáa. Rọ́bà tíúbù ò bá bẹntiróòlù ṣọ̀rẹ́. Bó bá ti pẹ́ nínú epo, á wú, á rọ̀, kò ní í lè dí ihò tó yẹ kó dí mọ́. Epo á wá máa kán sílẹ̀ tó-tó-tó sára ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè tẹ̀yìn ìyẹn yọ.

Ẹ̀kẹta ni jẹ́ẹ̀tì. Idẹ kékeré kan ni, kò ju orí ìka ọmọdé lọ, ihò tín-ín-rín kan sì wà láàárín ẹ̀. Ihò yìí ló ń wọn bẹntiróòlù tó ń wọnú ẹ́ńjìnnì. Bó bá dí, àwọn kan á fi wáyà tàbí abẹ́rẹ́ gún un. Bí wọ́n bá ti gún un jù, àwọn míì á fi òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà dí i pa, wọ́n á tún un lu. Jẹ́ẹ̀tì yìí ló dẹ́rù bà mí jù lọ, màá sì sọ ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Bí ọmọ bá mu bẹntiróòlù

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ọmọ ọdún méjì ò mọ bẹntiróòlù. Ìgò tó ń rí lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ ọdún, tẹ́ ẹ̀ ń bu ohun dídùn fún un nínú ẹ̀, ìgò yẹn náà ló mọ̀. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ rèé: bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti gbogbo ohun tí wọ́n fi ń fọ irin, kò gbọdọ̀ wọnú ìgò omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Kẹ́gì tó ní ìdérí líle ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sí i lára, kẹ́ ẹ sì gbé e sókè, níbi tọ́wọ́ ọmọdé ò lè tó. Abọ́ tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀ náà, bí wọ́n bá ti ṣe tán, kó má dúró nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Bí ohun tá ò fẹ́ bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Bẹntiróòlù kì í sábà pa ọmọ látinú ikùn, ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń bá jà. Epo yìí fúyẹ́, ó sì tètè ń ṣàn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá ṣìnà gba ọ̀nà èémí, á tàn káàkiri inú ẹ̀dọ̀fóró, á sì ṣe ibẹ̀ léṣe. Nígbà tọ́mọ gbé e mì, ó ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà èémí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá wá fipá mú un bì, ẹ ti tún mú epo náà gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kejì, èyí kejì yìí náà sì lè burú gan-an. Ìdí tá a fi ń pariwo pé kẹ́ ẹ má mú un bì nìyẹn.

Epo pupa ńkọ́? Kò lè pa agbára bẹntiróòlù. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó ń mú kí ọmọ bì, òun fúnra ẹ̀ náà sì lè ṣìnà wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọ̀rọ̀ mílíìkì náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ má fún un ní ìkankan nínú ẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe rèé:

Ẹ gba ìgò náà lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ẹnu ẹ̀. Bí epo bá ta sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ ọrùn ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó dáadáa kó lè ráyè mí. Bó bá bì fúnra ẹ̀, ẹ tètè yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí orí ẹ̀ wálẹ̀ ju ìdí lọ, kí èébì má baà padà sọ́nà èémí. Lẹ́yìn náà, ó di ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Bó bá ń húkọ́, tó ń mí kíákíá, tó ń sùn lọ láìtọ́jọ́, tàbí tí àyà ẹ̀ ń wọnú, ẹ má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ìpínlẹ̀ Èkó níbí, ẹ lè pe 767 tàbí 112 fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì.

Bí kò bá húkọ́ rárá, tó ń ṣeré kiri ńkọ́? Ẹ ṣì gbé e lọ. Ó lè tó wákàtí bíi mélòó kan kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, a sì máa ń fẹ́ kó wà lójú wa fún wákàtí 6, ó kéré tán, ká tó sọ pé ó bọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn géńdé náà o. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fẹnu fa bẹntiróòlù nínú rọ́bà látinú táǹkì, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ bá a ra ohun tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ láti fi fa epo. Owó ẹ̀ ò tó owó ibùsùn ọjọ́ kan nílé ìwòsàn.

Jẹ́ẹ̀tì tó ń pani lójú oorun

Ẹ jẹ́ ká padà sórí jẹ́ẹ̀tì. Kí bẹntiróòlù kílò kan tó lè jóná tán, ó nílò afẹ́fẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 15. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti wọn ihò jẹ́ẹ̀tì kó bá ìṣirò yìí mu. Ẹ wá jẹ́ ká ní ihò náà jẹ́ mìlímítà 1, tí ọmọ yín sì fi wáyà fẹ̀ ẹ́ títí tó fi di mìlímítà 1.2. Ojú lásán ò lè rí ìyàtọ̀ ẹ̀. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ẹnu ihò náà ti fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Epo á máa pọ̀ ju èyí tí afẹ́fẹ́ náà lè jó tán lọ, kò sì ní í lè jóná tán.

Epo tí kò jóná tán yìí ló ń di èéfín apani tí àwọn dókítà ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Bó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń di ẹ̀jẹ̀ mú ju bí ọ́síjìn ṣe lè dì í mú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ọ́síjìn á wá di àlejò nínú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ ilé ẹ̀. Àwọn arúgbó, àwọn aláboyún, àwọn ọmọdé àtàwọn tó ní àrùn ọkàn ni kì í lè fara dà á rárá.

Kò sí jẹnẹrétọ̀ tí kì í tu èéfín yìí jáde, títí kan èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú páálí. Èyí tí wọ́n ti fẹ jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wulẹ̀ ń tu ú jù ni. Bẹ́ ẹ bá rí i tí èéfín jẹnẹrétọ̀ yín ń dúdú, tí púlọ́ọ̀gì ẹ̀ ń dúdú bí ìdí ìkòkò, tó sì ń mu epo ju bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ pe ẹni tó tún un ṣe. Ẹ sọ fún un pé kó yọ jẹ́ẹ̀tì yẹn dànù, kó ra òmíràn tí nọ́ńbà ara ẹ̀ bá ti ẹ̀rọ náà mu. Kò jìnnà sí wa, ẹni tó bá fẹ́ẹ́ ra pààtì ẹ̀rọ ò ní í wá ọjà tì.

Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa ló jẹ́ pé yàrá kọjú sí yàrá, ògiri wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra pẹ̀lú ti aládùúgbò. A máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí jẹnẹrétọ̀ fi mítà 6 tó jìnnà sí fèrèsé, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí àyè bá wà, ẹ lò ó. Bí kò bá sí, ẹ má jẹ́ kó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kíṣìnnì tàbí bàkónì, kẹ́ ẹ sì pa á kẹ́ ẹ tó sùn. Àwọn àgbà sọ ọ́ pé a kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. Jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́bàá fèrèsé lóru, iná orí òrùlé ni.

Àmì tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ ọ́n ni pé orí á máa fọ́ yín, òòyì á máa kọ́ yín, èébì á máa gbé yín, ara yín kò sì ní í lè gbé yín dìde. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ibà ni. Àmọ́ ibà kì í mú gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà láàárín wákàtí kan. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn mẹ́ta nínú yàrá kan náà, ẹ jáde síta kíá, ẹ gbé àwọn ọmọ, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ sì wá dókítà lọ.

Òjé tó ń bá ọmọ sùn

Ohun kan ṣì kù tí ojú kì í tètè rí. Òjé tí wọ́n fi ń dí ihò jẹ́ẹ̀tì tàbí tí wọ́n fi ń jó fúlóòtì tó ti jò, májèlé ni. Eruku ẹ̀ máa ń bá aṣọ iṣẹ́ wọlé, á balẹ̀, ọmọ tó ń rákò á fọwọ́ kàn án, á fọwọ́ sẹ́nu. Ọpọlọ ọmọ ló máa ń bà jẹ́ jù.

Kẹ́ ẹ má rò pé mo ń sọ àsọdùn, lọ́dún 2010 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn òbí ń lọ òkúta tí wọ́n fi ń wá góòlù láàárín agboolé wọn, láìmọ̀ pé òjé wà nínú ẹ̀. Ọmọdé tó lé ní 400 ló kú. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá ìlú Dakar lórílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọ 18 ló kú láàárín oṣù kọkànlá, ọdún 2007 sí oṣù kẹta, ọdún 2008, torí pé wọ́n ń fọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù láàárín ilé wọn. Òjé inú kabúrétọ̀ ò tó tàwọn yẹn rárá. Àmọ́ ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé: òbí ló ń ṣiṣẹ́, ọmọ ló ń jẹ eruku ẹ̀.

Ẹ bá wọn ṣàdéhùn

Ẹ̀yin bàbá àti màmá, ẹ má kàn lé ọmọ dànù pẹ̀lú irinṣẹ́ ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lé e kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ ò sọ ibi tó máa lọ, inú yàrá ẹ̀ ló máa kó o wọ̀. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ bá a ṣàdéhùn báyìí.

Ìta ni iṣẹ́ kabúrétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Òórùn bẹntiróòlù máa ń rá pálá nílẹ̀ lọ bá iná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, torí náà, kó má sí sítóófù, àbẹ́là tàbí sìgá nítòsí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń jó òjé, bẹntiróòlù ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Kó wọ awò tó ń dáàbò bo ojú nígbà tó bá ń fi fáìlì ha irin tàbí tó ń lu ihò. Kó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó gbé ọmọ tàbí kó tó jẹun. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ó lè gé e. Jẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà, kó rà wọ́n.

Bí iná bá sì jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín kùn ún, ẹ gbé e wá.

Mo ṣèlérí pé màá sọ ohun tí mo fi dá màmá yẹn lóhùn. Mo ní, "Mà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ohun tí wọ́n kọ́ yín lẹ ṣe. Àwa tá a mọ̀, tá ò wá sọ fún yín, àwa la jẹ̀bi." Ohun tó mú kí n kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ti kà á, ẹ má jẹ́ kó parí sọ́wọ́ yín. Ẹ kà á fún ìyá àgbà tó ń bá yín tọ́mọ, kẹ́ ẹ tó dìde níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí, kẹ́ ẹ yẹ gbogbo ìgò tó wà nílẹ̀ nínú ilé yín wò.

Ó dìgbà kan ná. Ọlọ́run á dáàbò bo àwọn ọmọ wa.